Ọmọ wọlé sí yunifásítì ìjọba: ṣé kó yá owó NELFUND?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀. A ti ń gbọ́ ọ pé wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ní kó wá san ju agbára mi lọ. Àwọn ará àdúgbò ní kó lọ yá owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ẹ̀rù gbèsè ń bà mí. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, Mà. Ohun tí ẹ gbọ́ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó ilé ìkàwé, owó ìlera àti irú wọn ni wọ́n ń gbà, tí ẹ bá sì ro wọ́n pọ̀, ó lè wọni lọ́rùn bí ẹni pé owó ìkọ́ni ni. Ẹ má fojú fo owó ìlera yẹn o: níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ti san án, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi owó oúnjẹ ra oògùn ní ìta.

Ní ti NELFUND, òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ń tẹ̀ lé báyìí. Òfin ti 2023 tó ṣáájú rẹ̀ ń béèrè oníduùrò méjì, kò sì fàyè gba ọmọ tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ lọ́dún bá ti tó ₦500,000, ṣùgbọ́n ti 2024 mú méjèèjì kúrò. Ọ̀nà méjì ni owó náà pín sí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò yunifásítì, kò gba ọwọ́ ọmọ kọjá. Owó ìgbọ́bùkátà, tó jẹ́ ₦20,000 lóṣooṣù, ló ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ti NELFUND tó dé, owó yín di ohun tí yunifásítì gbọ́dọ̀ dá padà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè rẹ̀. Mo ti rí òbí tí kò béèrè nítorí pé kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni, ó sì dùn mí gan-an.

Ní ti gbèsè tó ń bà yín lẹ́rù, owó náà kò ní èlé, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó máa wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yín, nítorí pé orúkọ ọmọ ló wà lórí rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ni sísan máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀, ìyẹn ₦10,000 nínú ₦100,000. Bí ó bá ń ṣòwò tirẹ̀, èrè rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣírò ìdá náà. Gbèsè ṣì ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé bí ẹ bá lè gbọ́ bùkátà oúnjẹ ọmọ, kó yá ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Bí ẹ kò bá lè gbọ́ ọ, kó gba méjèèjì, kí ẹ sì mọ̀ pé ₦20,000 kò lè bo owó ilé, ọkọ̀ àti ìwé. Níbi iṣẹ́ mi, àwọn tí mo rí tí ẹ̀kọ́ dojú rú fún kì í sábà jẹ́ àwọn tí kò rí owó ìforúkọsílẹ̀ san. Àwọn tí owó oúnjẹ tàbí owó ilé tán fún láàárín sáà ni.

Kí ó tó forúkọ sílẹ̀ fún owó NELFUND lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN, BVN àti JAMB rẹ̀ bára mu, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo lè dá a dúró. Yunifásítì náà gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí NELFUND. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó lọ. Ọdọọdún ni yóò sì máa béèrè owó náà lọ́tun. Ẹ wádìí owó ìrànwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yín pẹ̀lú, nítorí wọn kì í gba ìyẹn padà.

Ìforúkọsílẹ̀ ní yunifásítì kì í dúró de owó NELFUND. Ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, kí ọmọ kọ lẹ́tà sí yunifásítì, kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pín owó náà san lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà sọ́wọ́.