Má tíì ra ND1000: ohun tí ojú mi rí lórí gíláàsì dúdú

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o gbé kámẹ́rà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti ya omi Olúmirin, ní aago méjìlá ọ̀sán gangan, pẹ̀lú fílítà ND (gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù kí kámẹ́rà lè la ojú pẹ́) irú èyí tí wọ́n máa ń yí, tí wọ́n kọ 2-400 sí lára. O fẹ́ kí omi náà rọ̀ bí òwú. Fọ́tò kan funfun báláú, òmíràn ní àmì X dúdú láàárín, gbogbo wọn sì pọ́n rúsúrúsú. O wá ń béèrè bóyá kí o lọ ra ND1000.

Má tíì rà á. Èmi náà ti fi owó ra gíláàsì tó dúdú ju iṣẹ́ mi lọ rí.

Kódà, gíláàsì dúdú àkọ́kọ́ tí mo lò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò wẹ́dà ni mo ti rà á. Má rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ló sọ fún mi pé gíláàsì tí wẹ́dà fi ń bo ojú lè ṣe iṣẹ́ tí fílítà olówó ńlá ń ṣe. Mo fi rọ́bà méjì dè é mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, mo lọ dúró sí etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó, níbi téèyàn ti lè rí Afárá Third Mainland tó nà gbọọrọ lójú omi. Lóòótọ́ ni omi náà tẹ́jú bí dígí. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run, afárá, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ ló di àwọ̀ ewé, àfi bí ẹni pé mo da ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sí i lórí. Mo jà á lórí kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọ̀ náà ò kúrò. Mo sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun, mo wá ń purọ́ fún àwọn èèyàn pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ohun tó ń rìn nínú fọ́tò lèèyàn ń kọ́kọ́ wò kó tó wo gíláàsì. Báwo ló ṣe ń yára tó? Báwo lo sì ṣe fẹ́ kó rí? Omi tó ń já láti orí àpáta ń sáré gan-an, nítorí náà kí kámẹ́rà la ojú fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó o. Ìgbì òkun tó ń padà sẹ́yìn lórí iyanrìn ò jùyẹn lọ púpọ̀. Ọ̀sà tó ń mì díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá sókè. Ìkùukùu ojú ọ̀run ló lè gba ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ND1000 ti wúlò.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Stop la fi ń ka bí fílítà ṣe dúdú tó: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìdajì, ó sì ń sọ àsìkò di ìlọ́po méjì. ND8 jẹ́ stop 3, ìlọ́po 8 nìyẹn. ND64 jẹ́ stop 6. ND1000 jẹ́ stop 10, ẹgbẹ̀rún ìlọ́po. Bí kámẹ́rà bá sọ pé 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá láìsí fílítà, ND64 á gbé e dé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ND1000 á gbé e dé ìṣẹ́jú-àáyá 8. Bó bá jẹ́ 1/30 ni, ND1000 á mú un dé nǹkan bí 30.

Wàyí o, fọ́tò rẹ tó funfun. Lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/16 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe tóbi tó; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ihò ṣe ń kéré), ohun tí kámẹ́rà máa bèèrè kò ní jìnnà sí 1/125. Fílítà rẹ yẹn, bí o kò bá yí i dé ibi tí X ti ń yọ, bóyá stop 5 tàbí 6 lo máa rí nínú rẹ̀. Èyí tó dára jù tó lè fún ọ ni ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ìwọ ní o lo ìṣẹ́jú-àáyá 10 nítorí pé o rí i nínú fídíò kan. Ogún ìlọ́po ìmọ́lẹ̀ lo rọ́ wọnú kámẹ́rà. Kí ló kù tí kò ní funfun?

X yẹn ńkọ́? Gíláàsì méjì ló wà nínú fílítà náà tí wọ́n dojú kọra, bí o ṣe ń yí ọ̀kan ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Tí o bá yí i kọjá ibi tó yẹ, pàápàá lórí lẹ́ńsì tó ń gba ibi tó fẹ̀, òkùnkùn náà kò ní dọ́gba mọ́, ó máa di àgbélébùú láàárín fọ́tò. Kò sí ẹ̀rọ tó lè yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń ya fídíò fẹ́ràn irú fílítà yìí, mi ò bá wọn jà. Fún omi Olúmirin, mi ò ní gbé e jáde nílé.

Jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí èmi gbé ND1000 lọ síbẹ̀. Ìpele méje ni omi náà ní, ìpele àkọ́kọ́ ni mo dúró sí, lábẹ́ ibòòji igi. Kámẹ́rà fún mi ní 1/30 ní f/11. Mo wé gíláàsì náà mọ́ ọn, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, omi náà ti di àkàmù. Kò ní ara, kò ní okùn, funfun kan ṣá ló lẹ̀ mọ́ àpáta. Afẹ́fẹ́ tí omi náà ń fẹ́ jáde ti mi gbogbo ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi di ẹ̀fọ́ rírò. Obìnrin kan tó dúró fi fóònù ya ara rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá wá yọ nínú rẹ̀ bí ẹbọra: o ń rí àpáta gba inú aṣọ rẹ̀. Mo yọ ND1000 náà, mo fi ND8 sí i, ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá péré. Ìgbà yẹn ni omi náà tó jọ omi. Fọ́nrán rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ilẹ̀, bíi òwú tí ahunṣọ ta sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun òfì. Ewé dúró. Fọ́tò yẹn ṣì wà lára ògiri yàrá mi.

Nípa àwọ̀ tó pọ́n: fílítà tí kò dára, pàápàá tó bá dúdú gan-an, máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí gba inú rẹ̀ kọjá, kámẹ́rà á sì rí i. Ya RAW, irú fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, kó o tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe nílé. Èyí tó bá pọ́n díẹ̀ máa gbọ́. Èyí tó bá dà bíi ti wẹ́dà mi, gbà fún Ọlọ́run.

Kí o tó wé gíláàsì mọ́ lẹ́ńsì, ṣe focus tán, kí ohun tí o ń yà hàn kedere, kí o sì pa autofocus, èyí tí kámẹ́rà fi ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tí stop 10 bá ti wọ̀ ọ́, kámẹ́rà ò rí nǹkankan mọ́, á kàn máa wá kiri bí ẹni tí wọ́n gba àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀. Wé e pẹ̀lẹ́, kí ọwọ́ rẹ má yí òrùka focus. Bí kámẹ́rà rẹ bá jẹ́ irú ti àtijọ́ tó ní dígí nínú, bo ihò tí o ń fi ojú wò. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìn wọlé nígbà tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà, bá pẹ́ ní ṣíṣí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bú fílítà nítorí àbààwọ́n kan tó máa ń yọ láàárín fọ́tò, àṣé oòrùn tó wà lẹ́yìn mi ni. Fìlà mi ni mo fi ń bò ó báyìí. Má sì gba inú ihò yẹn wo oòrùn rárá, bó ti wù kí gíláàsì dúdú tó. Ojú ò ṣeé pààrọ̀.

Èyí tó dùn mí jù wáyé létí ọ̀sà yẹn kan náà, lẹ́yìn tí mo ti kọ wẹ́dà sílẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀, mo ya ìṣẹ́jú méjì kan tí mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé ó dáa. Ṣọ́tà tì, ojú kámẹ́rà dúdú, mo tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Mo rò pé ó ti kú, ni mo bá yọ bátìrì. Fọ́tò náà lọ nìyẹn. Ohun tí kámẹ́rà ń ṣe ni pé ó ń ya òkùnkùn fún ìṣẹ́jú méjì mìíràn kó lè fi yọ àwọn tótó funfun inú ti àkọ́kọ́. Bí o bá tan ètò yẹn (long exposure noise reduction ni wọ́n ń pè é), ohun tí o bá yà, o máa dúró dè é ní ìlọ́po méjì. Èmi ti pa á lórí tèmi fún ohunkóhun tí kò bá tó ìṣẹ́jú kan.

Tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé: má gbé àpò kọ́ ọ lọ́rùn kó máa fì. Jẹ́ kí ìdí àpò náà kan ilẹ̀. Má ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ibi tí omi ti ń ṣàn kíkan. Lórí afárá, gbàgbé ẹ̀: ọkọ̀ tírélà kan ṣoṣo tó bá kọjá, ilẹ̀ á mì, iṣẹ́ bàjẹ́.

Aago méjìlá tí o lọ náà wà lára ọ̀rọ̀. Oòrùn ọ̀sán lórí omi funfun máa ń jó ojú fọ́tò, fílítà ò sì lè pín ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Débẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó kọjá, tàbí lọ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Má tìtorí oòrùn lọ sí f/22 o. Fọ́tò ò ní mọ́ kedere mọ́. f/11 ni mi ò kì í sábà kọjá.

Ní ti ohun tí wàá rà, ND64 kan ṣoṣo, èyí tí kì í yí. Wo nọ́ńbà tó wà létí lẹ́ńsì rẹ tó tóbi jù, ìwọ̀n yẹn ni kí o ra, kí o wá ra òrùka tó ń sọ ẹnu lẹ́ńsì kékeré di ńlá fún èyí tó kù. Lẹ́ńsì 67mm àti 77mm ni tèmi, fílítà 77mm kan ló ń sin méjèèjì. Bí òrùka bá há mọ́ fílítà, má fi ìka méjì fún un pọ̀, ńṣe ló máa tún há sí i. Fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, kí o fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ yí i.