Tépù ló tú àṣírí àlá fún mi

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ tó o kọ tán mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe pé mò ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o, ara mi ni mo rí níbẹ̀. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó o ti ń wá bó o ṣe máa mọ̀ lójú oorun pé àlá lò ń lá, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní lucid dream, o ní ò ń di imú, ò ń wo àtẹ́lẹwọ́ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àlá ni, o fi àláàmù sí aago méjì òru, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dẹ̀ bọ́ sí i, bó o ṣe ní "áà, àlá nìyí!" báyìí lo ta jí. O tún wá ní ogun òru tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, o ní ṣé kó o pa gbogbo ẹ̀ tì ni. Ó dáa. Aránṣọ ni mí ní Ìlọrin níbí, mi ò kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí, ọdún àkọ́kọ́ dẹ̀ ṣòfò pátápátá, ìyẹn ni wàá ṣe fara da gígùn ọ̀rọ̀ mi.

Aago méjì yẹn ni ọ̀tá ẹ àkọ́kọ́. Oorun kì í lọ gbọọrọ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ó ń yí po ni, yíyípo kan máa ń tó nǹkan bíi ìṣẹ́jú 90, ìparí yíyípo kọ̀ọ̀kan ni àlá tó ní orí tó ní ìdí ti máa ń wáyé, ìgbà tí ẹyinjú á máa sá síwá sá sẹ́yìn lábẹ́ ìpéǹpéjú, òun ni wọ́n ń pè ní REM. Ti àkọ́kọ́ lálẹ́ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń sún mọ́ mímọ́ ló ṣe ń gùn sí i, títí táá fi tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá sùn ní mọ́kànlá tó o wá fipá jí ní méjì, oorun àsùnwọra lò ń já, àwọn àlá tó ò ń wá ò tíì pàtẹ rárá.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Mo kàn ń rìn kiri bí ẹni tí wọ́n gbá létí ni, mo ń tòògbé lórí máṣíìnì, lọ́jọ́ kan mo tẹ́ léèsì kọ́sítọ́mà kan sílẹ̀, ìnṣì 44 ló yẹ kí n gé, mo gbé sísọ́ọ̀sì lé e, 40 ni mo gé. Ìnṣì mẹ́rin! Kò sí bí wọ́n ṣe ń rán ìyẹn padà. Mo tẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di Ọjà Tuntun, wọ́n ní irú léèsì yẹn ti tán, mo kàn sanwó ẹ̀ fún obìnrin yẹn ni, mo tún bẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀. Mo wálé, mo pa àláàmù àti gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo ní àlá ò ní ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́.

Ààwẹ̀ ló dá mi padà, mi ò dẹ̀ wá a rárá. Rámádánì ọdún 2022 nìyẹn, ìwọ náà mọ bí iṣẹ́ aránṣọ ṣe máa ń rí tí Ìtùnú bá ti ń kanlẹ̀kùn, gbogbo Ìlọrin ló fẹ́ gba aṣọ lọ́jọ́ kan náà. Ṣọ́ọ̀bù ní Pàkátà ni mò ń sùn, lórí ẹní, láàárín àjákù aṣọ. Mo máa ń sùn ní bíi mọ́kànlá, tó bá di aago mẹ́rin àwọn ọmọdé tó ń jí èèyàn fún sààrì á ti máa lu agolo bọ̀ láti òkèèrè, màá dìde, màá jẹ ẹ̀bà tó ti tutù, màá dúró de Súbúì, màá kírun, màá wá sùn padà. Màmá mi ò fẹ́ràn ẹ̀ o, wọ́n ní oorun ẹ̀yìn Súbúì ń dí ọ̀nà arísìkí, àmọ́ ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì títí di mọ́kànlá lálẹ́, kí ló fẹ́ ṣe?

Láàárọ̀ kan báyìí, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nínú àlá, bàbá kan dúró níwájú mi tí mò ń wọn bàbáńrìgá fún. Mo fa tépù láti èjìká wọn dé kókósẹ̀, 58. Mo yíjú sí ìwé kí n kọ ọ́, bírò ò yọ, mo gbọ̀n ọ́n nù, mo ní kí n tún tépù wò kó má lọ jẹ́ pé mo ṣìnà bíi ti léèsì ọjọ́sí, ó ti di 85. Mo tún wò ó. Kì í ṣe nọ́ńbà mọ́, ó ti di nǹkan kan tó dà bí ìkọ̀wé orí wàláà, tó ń ṣàn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i. Mo wo bàbá yẹn lójú, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, mo ní "Bàbá, ẹ má bínú, mo ń sùn lọ́wọ́." Ayé wá mọ́ kedere gbòò, àbúrò, kedere ju ojúmọ́ lọ, mo ń rí òwú kọ̀ọ̀kan lára aṣọ tí wọ́n wọ̀. Mo jáde síta, mo ní ó ya, mo fẹ́ fò lọ sí orí Òkè Sóbì, mo gbéra nílẹ̀, mo dé ọ̀gangan páànù ilé tó wà níwájú, inú mi wá dùn kọjá àlà, ó parí, mo bá ara mi lórí ẹní.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà lọ ka ohun tí mo ti ń kà láìfara balẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí mo wá rí i pé sààrì yẹn gan-an lohun tí wọ́n ń kọ́ni: kéèyàn sùn bíi wákàtí márùn-ún, kó jí, kí ojú ẹ̀ là dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kó wá padà sùn, kó lè bọ́ tààrà sínú ibi tí àlá ti pọ̀. Tèmi tiẹ̀ pẹ́ jù, láti mẹ́rin dé bíi mẹ́fà. Lẹ́yìn ààwẹ̀ mo dín in kù sí ìdajì wákàtí, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó má jẹ́ ojoojúmọ́ o, ọjọ́ tí o ò ní jáde ní kùtùkùtù ni kó o fi sí. Má dẹ̀ tan fóònù láàárín ìdajì wákàtí yẹn, WhatsApp á gbé ẹ lọ, o ò ní rí oorun mú mọ́.

Ní ti imú tó ò ń dì, kò burú. Tó o bá di imú nínú àlá wàá ṣì máa mí, òótọ́ ni, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n bó o ṣe ń ṣe é lójú ayé ni wàá ṣe ṣe é lójú oorun, tó bá jẹ́ pé ò ń dì í bí ẹni tó ń yún imú, wàá dì í nínú àlá náà, wàá mí, wàá dẹ̀ máa bá tìẹ lọ! Ó ti ṣe mí rí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé o bi ara ẹ tọkàntọkàn pé báwo ni mo ṣe dé ibí, ibo ni mo ti ń bọ̀, ta ló gbé mi wá. Àlá kì í lè dáhùn "ibo lo ti ń bọ̀."

Èyí tí wọ́n máa ń ní kéèyàn tẹ súìṣì iná, pé tí iná ò bá tàn àlá ni, jọ̀ọ́ fìyẹn sílẹ̀ fáwọn tó ní iná. Ní àdúgbò wa, èmi á kàn gbà pé mo ti ń lálàá láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni.

Ìwé kíkà ló dáa jù, kó o ka nǹkan, kó o gbójú kúrò, kó o tún un kà, nítorí àlá kì í sábà lè di ọ̀rọ̀ kan mú lẹ́ẹ̀mejì. Stephen LaBerge tó ṣe ìwádìí ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tèmi ni pé kó o mú un látinú iṣẹ́ ẹ. Mo máa ń ka tépù ní ìgbà àìmọye lóòjọ́, ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ lé mi wọ inú oorun. O ní POS lò ń ṣe ní Tánkè, àbí? Ìwọ náà dẹ̀ wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì ní gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ ka owó fún èèyàn, kó o bi ara ẹ bóyá o ń sùn. Ó tiẹ̀ máa gbà ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi álàátì èké gba owó lọ́wọ́ yín.

Nǹkan tí wàá wá ṣe nígbà tó o bá ń padà sùn, LaBerge náà ló gbé e kalẹ̀, MILD ni wọ́n ń pè é. Dùbúlẹ̀, rántí àlá tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ lá, fojú inú padà sínú ẹ̀, kó o wá ibi tí nǹkan ti yà bàrá níbẹ̀, kó o rí ara ẹ tó ń sọ níbẹ̀ pé àlá nìyí, kó o wá máa sọ ọ́ láìdábọ̀ pé "tí mo bá tún ń lálàá, màá rántí pé àlá ni." Kì í ṣe ọfọ̀ o. Bí ẹni tó ń sọ fún ara ẹ̀ pé tí mo bá dé Ìta-Àmọ́ kí n má gbàgbé láti ra òwú dúdú ni. Ní 2017, Denholm Aspy ní Yunifásítì Adelaide ní Ọsirélíà gbé èsì ìwádìí kan jáde, àwọn tó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìyẹn yíyẹ ara wò lọ́sàn-án, jíjí sùn padà, àti MILD, nǹkan bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà ló ń bọ́ sí i fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan tó bọ́ sí i fún ẹ yẹn, má fojú kéré ẹ̀. Àwọn tí oorun tètè gbé lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yẹn tán, tiwọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ìdajì wákàtí fi tó mi, kí oorun lè tètè gbé mi lọ padà.

Àlá tí kì í dúró, ayọ̀ ló ń lé e. Fara balẹ̀. Má tẹjú mọ́ nǹkan kan ṣoṣo. Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí wàá fi mọ ìgbóná ẹ̀ lára, tàbí kó o di nǹkan mú, èmi máa ń wá aṣọ fọwọ́ kàn, mo máa ń fọwọ́ pa etí aṣọ bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti já. Tó bá ti ń ṣú lọ, yí bíríbírí lójú kan. Fífò tí gbogbo yín ń sáré sí yẹn, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀keje.

Ìwé àlá ńkọ́, o ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá. Ẹni tí ò rántí àlá, báwo lá ṣe mọ̀ pé òun wà nínú ẹ̀? Ra ìwé ọmọ iléèwé kan, fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tó o bá jí má yíra, má lajú, kọ́kọ́ fa àlá yẹn láti ìparí ẹ̀ padà sẹ́yìn, kó o tó kọ ọ́. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo ń kọ tèmi ni mo rí i pé ìdajì àlá mi ni kọ́sítọ́mà tó ń lé mi kiri wà. Ìyẹn gan-an di àmì fún mi.

Ó wá ku ogun òru. Mi ò ní bá ẹ jiyàn ohun táwọn àgbà wa ń sọ nípa ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí èèyàn bá ń lálàá ní REM, ara máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣan apá àti ẹsẹ̀ kó má baà dìde máa sá eré tó ń sá nínú àlá, ojú àti mímí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ojú yẹn ni Keith Hearne fi mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Yunifásítì Hull ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1975, ó ní kí Alan Worsley máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì tó bá ti mọ̀ pé òun ń lálàá, ẹ̀rọ dẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere nígbà tí ara ọkùnrin yẹn ṣì ń sùn. Tí ọkàn bá wá jí kí ara tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn, òun lò ń rí yẹn, àyà á wúwo, ó lè dà bíi pé ẹnì kan wà nínú yàrá. Má bá a jà. Mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gbìyànjú àtimi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, ka ohun tó o bá mọ̀ ọ́n kà, Áyátúlì Kúrúsíyù lèmi máa ń kà, ó máa lọ láìpẹ́. Má fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ó máa ń pọ̀ fún ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ àti ẹni tí ò sùn tó, àláàmù aago méjì sì ti jẹ́ kó o di ẹni tí ò sùn tó. Ẹni tó ní kó o mu igbó kí àlá lè pọ̀, irọ́ ló pa fún ẹ, dídín ni igbó máa ń dín àlá kù, ọtí náà bẹ́ẹ̀. Tó bá dẹ̀ jẹ́ pé lójú ayé gan-an ò ń ṣiyèméjì ohun tó jẹ́ òótọ́, tàbí ò ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, fi í sílẹ̀, lọ rí dókítà.

Màmá mi gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gbé hàntú wá láti ọ̀dọ̀ Àlùfáà wọn, mo mu ún, kí ló máa ṣe mí? Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n wá bi mí ni pé "Ṣé o máa ń jẹun níbẹ̀?" Mo ní rárá o. Òótọ́ dẹ̀ ni. Oṣù tó kọjá, mo wà nínú ẹ̀, tépù ti parọ́, mo ti mọ̀ dájú pé lórí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo wà, ìyá oníwàrà kan gbé igbá ẹ̀ sọ̀ níwájú mi, wàrà díndín, ó ń ta sánsán, ó fi ewé bu méjì fún mi, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo gbà á. Mo gbé e dé ètè. Ọwọ́ mi ò gbé e wọlé. Mo rọra dá a padà sínú igbá, mo kí wọn pé wọ́n ṣeun.