Kí ló dé tí àárín ilé àlùfáà àtijọ́ tó wà ní Alfriston, abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi wọnú?

Bí wọ́n ṣe pín ilé náà ló fà á. Irú ilé báyìí, tó pọ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, máa ń ní gbọ̀ngàn kan láàárín tí kò ní àjà rárá: téèyàn bá gbójú sókè, abẹ́ òrùlé ló máa rí. Àárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ń dáná sí, èéfín á sì wá ọ̀nà gba òkè lọ. Àwọn ìpẹ̀kun ilé ló ní yàrá òkè, yàrá òkè yìí sì máa ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Òrùlé kan ṣoṣo ló wá bo gbogbo rẹ̀, ni àárín bá dà bíi pé ó sá sẹ́yìn.

Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n kọ́ ti Alfriston. Igi óákù ni egungun rẹ̀, ọ̀pá híhun tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ló dí àárín àwọn òpó, koríko ló sì wà lórí.

Ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà ló wù mí jù. Ẹfun ni wọ́n gún mọ́lẹ̀, wọ́n wá da wàrà kíkan lé e kó lè dì. Ẹ tún wo ewé óákù kékeré tí wọ́n gbẹ́ sára igi níbẹ̀. Àwọn kan gbà pé òun ni National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀, fi ṣe àmì wọn. Ilé àlùfáà yìí ni ilé àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà rà, lọ́dún 1896, ní £10 péré.