Ṣé oúnjẹ àbáláyé ni búrẹ́dì díndín àwọn Navajo?

Ìbéèrè tí ẹ bi ni pé: ṣé láti ayébáyé ni àwọn Navajo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń jẹ búrẹ́dì díndín, àti báwo lèèyàn ṣe lè ṣe é nílé?

Ó ti di àbáláyé báyìí, àmọ́ àbáláyé tí ìyà bí ni. Kí òyìnbó tó dé, kò sí àlìkámà lórí ilẹ̀ náà, kò sì sí ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀sìn. Àgbàdo ni àwọn Navajo, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné, fi ń jẹun: wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi eérú igi juniper sí i, wọ́n á rò ó ní ẹ̀kọ. Títí dòní, bí ọmọbìnrin wọn bá bàlágà, àgbàdo náà ni wọ́n fi ń ṣe kéèkì ńlá tó máa ń sun inú ihò ilẹ̀ gbígbóná mọ́jú. Fúláwà kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn.

Lọ́dún 1863, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí Kit Carson ṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sun oko àwọn Navajo, wọ́n ń pa àgùntàn wọn. Ebi ló lé ọ̀pọ̀ jáde. Láti 1864, wọ́n fipá mú àwọn Navajo fẹsẹ̀ rìn láti Arizona dé Bosque Redondo, àgọ́ ìgbèkùn kan ní New Mexico, ọ̀nà nǹkan bí 300 máìlì. Aboyún àti arúgbó wà nínú wọn. Kòkòrò jẹ àgbàdo tí wọ́n gbìn níbẹ̀, omi odò Pecos ń dà wọ́n nínú rú. Ohun tí ṣójà bá pín ni wọ́n ń jẹ: fúláwà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, iyọ̀, kọfí. (Àwọn àgbà wọn ṣì ń sọ pé àwọn kan se hóró kọfí bí ẹni se ẹ̀wà.) Àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù kẹfà 1868 ló dá wọn padà sílé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fọ́mọ wọn ni pé ìgbèkùn yẹn ni búrẹ́dì yìí ti ṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹnu àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kò fi kò lórí rẹ̀. Ní 2005, Suzan Harjo, ọmọ onílẹ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, kọ̀wé pé kí wọ́n yé jẹ ẹ́, nítorí ìsanrajù àti àtọ̀gbẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ni South Dakota sọ ọ́ di búrẹ́dì ìpínlẹ̀ wọn! Èmi ò rí i bí oúnjẹ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà fi tọ́ ọ pé kó dà á nù.

Ó yá, ṣíṣe rẹ̀. Fúláwà ife 3, baking powder síbí ìjẹun 1, iyọ̀ síbí tíì 1, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife kan àti díẹ̀. Kò sí yíìsì bíi ti puff-puff wa. Ẹ má pò ó púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yi. Ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pàtẹ́ rẹ̀ títí yóò fi fẹ̀, tí àárín rẹ̀ yóò fẹ́lẹ́. Àwọn kan máa ń dá ihò kékeré sí i láàárín. Òróró gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, tí kò bá gbóná, búrẹ́dì á kàn mu ún ni. Bó bá pọ́n nísàlẹ̀, ẹ yí i padà. Oyin tàbí iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i. Bí wọ́n bá kó ẹ̀wà, ẹran lílọ̀, ẹ̀fọ́ àti wàràkàṣì lé e, ó di Navajo taco. Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́, torí bó bá tutù, eyín yóò ṣiṣẹ́.