Ẹ Bi Mí N Dá Yín Lóhùn: Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Fọ Èso Sílẹ̀?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Sátidé ni mo máa ń lọ sí Zuba lọ ra èso, máńgòrò, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ápù, tí mo bá sì rí sitirọ́bẹ́rì Jos mo máa ń mú díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Tí mo bá ti délé báyìí gbogbo ẹ̀ ni màá dà sínú omi iyọ̀, màá fọ̀ ọ́ dáadáa, màá dì í sínú ọ̀rá, màá so ó, ó di inú fíríìjì. Kó tó di Ọjọ́rú sitirọ́bẹ́rì á ti bu, á hu irun funfun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò, bàbá wọn wá ń sọ pé owó òun ni mò ń dà sí bọ́là. Ṣé iyọ̀ ni kò tó ni àbí fíríìjì wa ni? — Ìyá Ìbejì, Kubwa*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Iyọ̀ tó, fíríìjì ò sì ṣẹ̀ yín rárá, ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀ ọ́ yẹn gan-an ni wàhálà. Èso téèyàn fẹ́ tọ́jú, a kì í fọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìgbà tá a bá fẹ́ jẹ ẹ́ la máa ń fọ̀ ọ́. Nǹkan tó ń jẹ́ kí èso bu, omi ló ń wá kiri, ẹ̀yin wá gbé omi fún un, ẹ tún so ọ̀rá mọ́ ọn lẹ́nu kí omi náà má baà ríbi jáde, ìyẹn ni pé ẹ ti ṣe ilé fún un, ẹ tún ti ilẹ̀kùn.

Tẹ́ ẹ bá délé láti Zuba, ẹ kọ́kọ́ ṣà wọ́n. Èyí tó ti fara gbọgbẹ́, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, òun ni kẹ́ ẹ jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ọ̀kan tó bàjẹ́ máa ń ran ìyókù. Ìyókù, ẹ tẹ́ tíṣù tàbí ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú abọ́, kẹ́ ẹ tò wọ́n sí i, kẹ́ ẹ má dé e pa. Tí ọkàn yín ò bá gbà kí ohun tí ẹ ò fọ̀ wọ fíríìjì (mo mọ̀ wá, àwa obìnrin Yorùbá àti omi!), ó dáa, ẹ fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ nù ún, kẹ́ ẹ tún tẹ́ ẹ sábẹ́ fáànù títí á fi gbẹ kanrin kanrin.

Sitirọ́bẹ́rì ni fínígà bá lára mu. Kọ́ọ̀bù fínígà kan sí kọ́ọ̀bù omi mẹ́ta, ẹ rì í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì já ewé orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́ o, ibẹ̀ lomi máa ń gbà wọlé. Àwọn kan sì wà tó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ápù, mo bẹ̀ yín, ara èso máa ń fa nǹkan mu, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn tẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ ra á ti tó.

Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, òtútù ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í fẹ́ fíríìjì. Èèpo ẹ̀ ló dúdú yẹn, ẹ bó o wò, inú ẹ̀ sábà máa ń dáa, ẹ má dà á nù fún bọ́là. Ẹ gbé e kọ́ sí kíṣìnì, kó sì jìnnà sí ápù, torí ápù, máńgòrò tó pọ́n, píà, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń tú gáàsì kan jáde, ethylene ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sáré mú ohun tó bá wà nítòsí pọ́n. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n, ẹ fi sílẹ̀ níta, ìgbà tó bá pọ́n tán ló tó wọ fíríìjì. Ọsàn ò ní wàhálà, apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ti tó o fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

*Àǹtí mi, èmi ò ní fíríìjì, iná Lugbe náà ẹ sì mọ̀ ọ́n. Kí ni mo lè ṣe? — Àpọ́n Lugbe*

Àbúrò mi, wá ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Da iyanrìn sísàlẹ̀ ńlá, gbé kékeré sínú ẹ̀, da iyanrìn sáàárín wọn yí ká, kó o wá máa bu omi sí iyanrìn yẹn láàárọ̀ lálẹ́, kó o fi aṣọ tútù bo ẹnu ẹ̀. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ìta ló ń gbé ooru lọ, inú á tutù, ṣebí bí omi inú àmù màmá àgbà ṣe máa ń tutù nìyẹn. Olùkọ́ kan láti ìlú Dutse (Dutse ti Jigawa o, kì í ṣe Dutse Alhaji tiwa l'Abuja níbí), Mohammed Bah Abba, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ aago Rolex sì fún un ní ẹ̀bùn lọ́dún 2000 nítorí ẹ̀, ìgbá tó máa ń lo ọjọ́ 3 péré wá ń lo ọjọ́ 27. Ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, tí òjò bá ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ afẹ́fẹ́ ti lómi ju, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́, nígbà yẹn kó o máa ra èyí tó o lè jẹ tán lọ́jọ́ kejì.

*Ọkọ mi máa ń ra wọ́tàmẹ́lọ̀nù gígé lọ́wọ́ àwọn mallam oníbárò ní Nyanya bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ṣé tí mo bá tún un fọ̀ ó ti mọ́? — Ìyàwó Aláìsinmi*

Rárá o, èso tí wọ́n ti gé, fífọ̀ ò ràn án mọ́. Wákàtí méjì ló yẹ kó pẹ́ níta mọ, nínú ooru Abuja oṣù kẹta báyìí tó ń kọjá 32 dígíríì, wákàtí kan ni, góòsìlóò Nyanya nìkan sì lè jẹ ìyẹn tán. Kó máa ra odindi. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, torí ọ̀bẹ ló ń ti ìdọ̀tí ara èèpo wọnú, tẹ́ ẹ bá sì gé e kẹ́ ẹ bò ó sínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́ tán. Tó bá ní odindi ti wúwo jù fún òun, ẹ sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ Márúwá wà níbẹ̀.