Ṣé ará Sósíàlì á gba ọmọ lọ́wọ́ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún, àmọ́ kò sanra. Nọ́ọ̀sì ní Kétu, ní Benin níbí, fi okùn wọn apá rẹ̀, ó ní ó ti bọ́ sí pupa. Ó fún wa ní oúnjẹ inú ọ̀rá, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó tún kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ rí àwọn ará Sósíàlì, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran àwọn ìdílé lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ débẹ̀, pé ọmọ tó bá ti wọ ìwé wọn ti di tìjọba. Ṣé n kò lè ra oògùn ìsanra tí wọ́n ń tà lọ́jà? Èwo ló dáa jù?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Mo fi ìyẹn ṣáájú torí ó lè jẹ́ ọjọ́ ọjà lọ̀la. Nínú àwọn oògùn ìsanra tí wọ́n ń gbé sórí àtẹ kiri, a máa ń bá dexamethasone. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, kò ní lè bá àrùn jà mọ́, ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì wú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn ni àwọn aládùúgbò á máa yìn pé ọmọ ti ń bọ̀ sípò.

Ẹ jẹ́ kí n fi wíwú gidi hàn yín. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọnú lẹ́sẹ̀ méjèèjì tí kò tètè padà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún yín. Ẹ gbé e lọ lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá ń bì, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tó kọ oúnjẹ inú ọ̀rá náà. A kì í tọ́jú irú ìyẹn nílé, wọ́n sì lè ní kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Pọ̀bẹ̀. Èmi kò rí ọmọ náà o, ẹni tó fọwọ́ kàn án ló lè sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, èyí tó ń bí mi nínú jù, nítorí láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí títí dé Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Sósíàlì tí wọ́n ń sọ yìí, Centre de Promotion Sociale ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di Guichet Unique de Protection Sociale báyìí. Kí ọmọ rù kì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí ni kí wọ́n máa lù ú ní ìlùkulù, kí wọ́n pa á tì pátápátá, tàbí kí ewu ńlá wà fún un nínú ilé. Kódà nígbà náà, adájọ́ àwọn ọmọdé ló ní ọ̀rọ̀ sọ, kì í ṣe akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an, ibo la fẹ́ kó gbogbo ọmọ tó bá rù sí?

Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi rán yín níbẹ̀? Okùn pupa ń sọ pé apá ọmọ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5. Kò sọ ìdí. Oúnjẹ inú ọ̀rá náà, ẹ̀pà, wàrà, òróró, ṣúgà àti fítámì, agbára tó wà nínú ọ̀rá kan tó kalori 500, yóò gbé ọmọ dìde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá padà sórí ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi ńkọ́? Mo ti wọ ilé tí ọ̀rá ọmọ aláìsàn ti di ìpápánu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìyá náà sì ń fi ìtìjú sọ pé òun ò lè rí wọn kí wọ́n máa wò ó lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tí èrò kún iwájú rẹ̀ láàárọ̀ kò lè rí ìyẹn. Ẹni tó bá wá sílé yín ló máa rí i. Á bèèrè ta ló ń dáná, ṣé abọ́ ọmọ dá wà, ṣé bàbá rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́, ṣé oyún míì ló mú kí ẹ já a lẹ́nu ọmú (ọmú oyún kì í pa ọmọ, kí ẹ máa fún un títí yóò fi pé ọdún méjì), ṣé ó ní ìwé ìbí. Bí bàbá bá ń sá fún ojúṣe rẹ̀, wọ́n á pè é. Bí ẹ bá jẹ́ tálákà gan-an, wọ́n lè yẹ̀ yín wò fún ARCH, ètò tí ìjọba fi ń gbé owó ìwòsàn àwọn aláìní. Mi ò ṣèlérí pé wọ́n á kówó lé yín lọ́wọ́ o.

Àléébù kan wà tí n kò ní bò: ilé ìwòsàn àti Sósíàlì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń sọnù sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ki tiyín bọnú kárínẹ̀, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ, kí ẹ ní kí òṣìṣẹ́ Sósíàlì kọ ohun tó ṣe síbẹ̀, kí ẹ sì fi han nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ìyá ọkọ yín bá lè tẹ̀lé yín lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó bi wọ́n lẹ́nu ara rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ ilé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ náà ki, kí ẹ fi ìyẹ̀fun sóyà tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ gún sí i. Wàrà Fúlàní pọ̀ ní Kétu yín. Ẹyin náà kì í sọ ọmọ di olè.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta oúnjẹ inú ọ̀rá náà fún yín, ẹ má rà á. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì yẹ kárínẹ̀ wò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, èyí tí Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìkókó ní 2024, nítorí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń gbà á.