Ẹ Bi Wá Léèrè: Fífi Ẹsẹ̀ Rin Erékùṣù Èkó Pẹ̀lú Afinimọ̀nà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa 16 nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ wá láti Ìbàdàn, kí afinimọ̀nà mú wa rin Erékùṣù Èkó, kó sì fi ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Brazil, hàn wá. Sátidé la mú, torí a ò fẹ́ pa ìsìn Ọjọ́ Àìkú jẹ. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Wákàtí mélòó ni yóò gbà? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ dákun, ẹ yí Sátidé yẹn padà. Lọ́jọ́ ọjà, agboòrùn àti ìdì aṣọ ti bo ìsàlẹ̀ ilé pátá, alábàárù á sì máa ké "àgò o!" lẹ́yìn yín bí afinimọ̀nà bá ti la ẹnu. Ọjọ́ Àìkú ni ọjà Balógun máa ń dákẹ́ tí ojú ilé máa ń hàn. Ti ìsìn kò le: ẹ sun Èkó mọ́jú, kí ẹ jọ́sìn ní Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Marina. Ọdún 1925 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀, ó sì di 1946 kí wọ́n tó kọ́ ọ parí. Bí ìsìn bá ti parí, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbéra. Ẹ má sì mú ọ̀sán Jímọ̀ láé, torí èrò ìrun máa ń dí ọ̀nà Nnamdi Azikiwe pa.

Láti Kàtídírà, ẹ gba Kakawa. Ibẹ̀ ni ilé João Esan da Rocha wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Water House, torí kànga rẹ̀ ni aráàlú ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ tó dé. Ẹ kọjá sí Tinúbú, kí ẹ wá yà sí Martins Street, níbi tí Mọ́sálásí Shitta-Bey wà. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló sì kọ́ ọ. Ẹ pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo bí orí fèrèsé ṣe tẹ̀ bí ọrun, àti òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sára ògiri. Bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí dáadáa, ẹ ó máa fúnra yín tọ́ka sí i lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ bá rí ní Pópó Àgùdà. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé, ẹ bọ́ bàtà, kí àwọn obìnrin sì borí.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà gba Broad Street lọ sí Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ló di pèpéle eré báyìí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oúnjẹ àti ibòòji wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi fi sí ìdajì ọ̀nà. Láti ibẹ̀, Holy Cross, kàtídírà ìjọ Kátólíìkì, kò jìnnà, ẹ ó wá parí rẹ̀ sí Campos àti Bámgbóṣé ní Pópó Àgùdà. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi.

Ẹ̀yin 16 pọ̀ jù fún afinimọ̀nà kan. Bí wọ́n bá ti ju 10 lọ, jẹnẹrétọ̀ á bo ohùn rẹ̀ mọ́ àwọn ará ẹ̀yìn létí. Ẹ pín ara yín sí méjì. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ má sì máa wòkè bí ẹ bá ń rìn: ẹ dúró ná, kí ẹ tó wòkè. Gọ́tà tí kò ní ìdérí pọ̀ lọ́nà yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà ní Tinúbú, ṣì wà? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Rárá o. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, 1956 ni ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o. Ìbéèrè yín dára fún ìdánwò: kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi afinimọ̀nà bóyá ẹ ó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ìbéèrè: Ta ló ń san owó àwọn ọmọ àdúgbò? Ṣé a lè ya fọ́tò? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra: ṣé iye tí afinimọ̀nà pè ti kó owó ẹnu ọ̀nà Freedom Park àti owó ìkíni àdúgbò mọ́ra? Bí kò bá kó o mọ́ra, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kó máa fúnra rẹ̀ kí wọn. Bí ẹni mẹ́ta nínú yín bá ń na náírà lójú pópó, ogún á jáde. Ní ti fọ́tò, ẹ má kọ kámẹ́rà sí báńkì, pàápàá Báńkì Àpapọ̀ ní Tinúbú, torí ẹ̀ṣọ́ á gbá yín mú. Ojúlé tí ènìyàn ń gbé, ẹ kọ́kọ́ kí onílé. "Ẹ kú ilé o, ẹ jẹ́ ká ya ojú ilé yín" ti tó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbà.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ mú màmá mi lọ lásìkò Àjíǹde. Ṣé ó dára? (Òǹkàwé, London)

Ìdáhùn: Ó dára, bí orúnkún màmá bá gbà á. Ìgbà náà ni àwọn Àgùdà máa ń jó Fànti, ìyẹn ijó ìgboro wọn. Ní Jímọ̀ Rere, wọ́n á se fréjọ̀n: ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi omi àgbọn sè títí yóò fi máa ṣàn, wọ́n á sì fi gààrí àti ẹja jẹ ẹ́. Ilé ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, kì í ṣe bùkátéríà, nítorí náà ẹ wá ará Campos kan tó mọ̀ yín kí ọjọ́ tó pé. Bí eégún Ẹ̀yọ̀ bá bọ́ sí àkókò náà, kí màmá má di ṣùkú, kó má sì wọ sálúbàtà, torí èèwọ̀ Ẹ̀yọ̀ ni.